Asọ̀rọ̀-gbèsì: Ìwé-Àṣẹ, Òfin àti Rédíò Àjùmọ̀ní ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Iṣẹ́ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ ni láti sọ̀rọ̀ lórí òfin ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òfin a máa há ni lọ́fun bí iṣu tí kò rí epo. Nítorí náà, n kò ní ka òfin sí yín létí láti orí dé ìdí. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: bí àwọn ará ìlú kan tí èdè wọn pọ̀, ṣùgbọ́n tí owó wọn kò pọ̀, bá fẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò tiwọn, kí ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ wọn, kí sì ni ó tọ́ kí àwọn náà béèrè lọ́wọ́ òfin?

Ìkọ̀yà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni n ó fi ṣe òdiwọ̀n ọ̀rọ̀ mi. N kò wá sọ ìtàn ilé-iṣẹ́ rédíò kan tí ó ti wà níbẹ̀. Mo mú ìlú náà nítorí pé ohun gbogbo tí ó mú kí irú rédíò bẹ́ẹ̀ ṣòro, tí ó sì mú kí ó ṣe pàtàkì, ni a lè rí ní àyíká rẹ̀.

1. Ohùn tí kì í gba èsì

Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí pín ohùn rédíò ní ìlú Èkó. Wọn a gba ètò BBC láti Lọ́ńdọ̀nù, wọn a sì fi wáyà fà á dé ilé àwọn tí ó bá san owó rẹ̀. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré ni a ń gbé kọ́ ara ògiri. Ẹni tí ó ni ín lè dín ohùn rẹ̀ kù, ó sì lè pa á, ṣùgbọ́n kò lè yan ohun tí yóò gbọ́. Àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n sì fún un ní orúkọ: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe orúkọ náà bí àwàdà. Ní tèmi, àtúpalẹ̀ òṣèlú ni. Wọ́n rí i pé ohùn kan wọ inú ilé wọn, ó ń pàṣẹ, ó ń ròyìn, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dá a lóhùn.

Ní 1951 ni a dá ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1957 ni a sọ ọ́ di àjọ tí òfin gbé kalẹ̀. Láàrin ọdún méjèèjì yìí ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ rántí. Ní 1953, nígbà tí àríyànjiyàn lórí òmìnira gbóná, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò fún un. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí òfin ìpìlẹ̀ 1954 gba àwọn ìjọba ẹkùn láàyè láti ní ilé-iṣẹ́ tiwọn, wọ́n tẹra mọ́ ọn, títí tí WNTV fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà, 1959, tí a fi ní tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Kí a má ṣe tan ara wa jẹ. Ẹkùn gba ẹnu tirẹ̀. Ará oko kò tíì gba tirẹ̀. Nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní rédíò tirẹ̀ ní Àkúrẹ́. Àwọn ará Ìkálẹ̀ ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ kan ní oko Ìkọ̀yà bá ní ohun tí ó fẹ́ sọ nípa ọ̀nà tí ó bàjẹ́ tàbí òògùn koríko tí ó pa ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ohùn náà ṣì jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì sí i.

2. Ìdí tí ìjọba fi di afẹ́fẹ́ mú

Àwọn kan ń sọ pé afẹ́fẹ́ Ọlọ́run ni, kí ni ìjọba ń gba ìwé-àṣẹ lé e lórí sí? Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Ààyè tí a fi ń gbé ohùn FM sáfẹ́fẹ́ kò lọ títí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 87.5, ó sì parí sí 108. Bí ilé-iṣẹ́ méjì tí ó súnmọ́ ara wọn bá dúró sí ojú kan náà, ariwo lásán ni olùgbọ́ yóò gbọ́. Láti 108 lọ sókè ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú ti ń gba àmì tí ń tọ́ wọn sọ́nà. Ẹ̀rọ tí a kò tún ṣe dáadáa lè da ohùn rẹ̀ jù sí ojú ọ̀nà wọn. Ọjà ni a lè fi wé: bí kò bá sí ẹni tí ń pín ìsọ̀, alágbára ni yóò gba gbogbo rẹ̀.

Ìdí kejì jẹ́ ti òṣèlú. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1966, orí rédíò Kàdúná ni a ti gbọ́ ohùn Nzeogwu. Ní oṣù Èrèlé 1976, rédíò ni Dimka sáré lọ. Ní oṣù Igbe 1990, rédíò ni Orkar fi kéde. Ní 1996, Rédíò Kùdírátì ń bá ìjọba ológun wí láti ibi tí ọwọ́ wọn kò tó. Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí yóò mọ ìdí tí ẹ̀rù rédíò fi ń ba àwọn aláṣẹ wa ju ẹ̀rù ìwé ìròyìn lọ. Ìwé ìròyìn ń fẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà. Rédíò kò fẹ́ ju etí lọ.

Ìdí kẹta ni ó wúwo jù. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Ní ilẹ̀ Rwanda ní 1994, ilé-iṣẹ́ rédíò kan tí a ń pè ní RTLM ń fi orin àti àwàdà bo ọ̀rọ̀ ìkórìíra, ó sì ń ru àwọn ènìyàn sókè láti pa aládùúgbò wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: RTLM kì í ṣe rédíò àfipamọ́. Ojútáyé ni ó wà, ìjọba sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìwé-àṣẹ nìkan kì í sọ ènìyàn di olódodo. Ohun tí a kọ sínú ìwé náà, àti àwọn tí ń ṣọ́ ọ, ni ó ṣe pàtàkì.

3. Ohun tí òfin ń béèrè

Títí di 1992, ìjọba nìkan ni ó ni rédíò ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Ògún ọdún náà, ìjọba Ọ̀gágun Babangida ṣe Òfin 38, èyí tí ó dá àjọ tí a mọ̀ sí NBC sílẹ̀ láti máa gba ìwé ìbéèrè, láti máa darí àwọn ilé-iṣẹ́, àti láti máa ṣọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní 1994, RayPower bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, òun ni rédíò aládàáni àkọ́kọ́.

Ìpín 39 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìpín yìí kan náà ni a ti sọ pé yàtọ̀ sí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè ní ilé-iṣẹ́ rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún ní àṣẹ, lẹ́yìn tí ó bá ti mú ohun tí òfin ń béèrè ṣẹ. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀rọ̀ Ààrẹ yìí, nítorí n ó padà sórí rẹ̀.

Kí ni òfin ń béèrè? Mo kó o jọ sí mẹ́rin. Èkíní, ẹgbẹ́ tí ó ń béèrè gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ó jókòó sábẹ́ igi kò tó. Èkejì, kò gbọdọ̀ máa béèrè fún àjèjì. Ẹ̀kẹta, ìpín 10 òfin NBC kọ̀ láti fún ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ní ìwé-àṣẹ. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ń béèrè gbọ́dọ̀ ṣe ìlérí lórí ìwé pé òun kò ní lo ilé-iṣẹ́ náà láti tàbùkù ẹ̀sìn ẹlòmíràn, tàbí láti gbé ẹ̀yà kan lékè ẹ̀yà mìíràn, tàbí láti dá ìkórìíra sílẹ̀. Lórí ìwọ̀nyí ni a óò wá fi ìwé ìwádìí nípa ètò, owó àti ẹ̀rọ lé. Ọdún márùn-ún ni ìwé-àṣẹ ń lò kí a tó sọ ọ́ dọ̀tun.

Òfin 1992 kò ronú kan rédíò tí kì í ṣe ti ìjọba, tí kì í sì í ṣe ti oníṣòwò. Ní 2001, ní Windhoek, àwọn oníròyìn ilẹ̀ Adúláwọ̀ fi ẹnu kò pé oríṣi mẹ́ta ni ó yẹ kí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ jẹ́: ti gbogbo ìlú, ti oníṣòwò, àti ti àwùjọ. Ní 2002, Yunifásítì Èkó gba ìwé-àṣẹ rédíò ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ní 2003, àwọn ẹgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ìpolongo fún rédíò àwùjọ ní gbogbo Nàìjíríà. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé òun fi ọwọ́ sí i. Ìgbà tí ó di 2015, tí ó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, ni ìwé-àṣẹ àkọ́kọ́ tó jáde fún àwọn àwùjọ ìgbèríko. Láti 1992 sí 2015 jẹ́ ọdún mẹ́tàlélógún. Ọmọ tí a bí nígbà tí òfin jáde ti parí yunifásítì kí ìgbèríko tó gba ẹnu.

4. Ìkọ̀yà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀

Ìkọ̀yà ni Abodi, ọba ilẹ̀ Ìkálẹ̀, fi ṣe ibùjókòó. Ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ wà lára ẹ̀ka èdè Yorùbá ti gúúsù-ìlà-oòrùn, pẹ̀lú Ìlàjẹ, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú. Ó ní fáwẹ̀lì u ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń lo i. Ó ní ìró ọ̀fun kan tí Yorùbá ilé-ìwé ti sọ nù. Nígbà tí wọ́n bá ka ìròyìn láti Àkúrẹ́ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, ìyá àgbà ní Ìkọ̀yà ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn Ìkálẹ̀ kò dá gbé. Ní ìsàlẹ̀ odò ni àwọn Ìlàjẹ wà, ní ẹ̀bá òkun. Ní Ẹsẹ̀-Odò ni àwọn Ìjọ̀ Àrògbò àti àwọn Àpọ́ì wà. Àwọn Àrògbò ń sọ Ìjọ̀, àwọn Àpọ́ì tí wọ́n jẹ́ ìran Ìjọ̀ kan náà sì ti gba ẹ̀ka èdè Yorùbá ṣe tiwọn. Nínú oko ọ̀pẹ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn Ùròbò ti wà fún ìran púpọ̀. Àwọn ni ó ń kọ ẹyìn, tí wọ́n ń fún epo, tí wọ́n sì ń sè ògógóró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Onigu Otite ti kọ̀wé nípa wọn ní 1979, ó sì fi hàn pé wọ́n wà lára àwọn tí ó mú ìdàgbàsókè bá ìgbèríko ibẹ̀. Ẹ fi Ìgbò, Ìgbìrà àti Haúsá tí ń ṣòwò ní ọjà Òkìtìpupa kún un.

Nígbà náà, kí ni “àwùjọ” nínú rédíò àwùjọ? Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ pé èdè Ìkálẹ̀ ń kú lọ, pé bí a bá ní rédíò kan ṣoṣo, ti Ìkálẹ̀ nìkan ni kí ó jẹ́, kí ó lè gba èdè là. N kò fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ tí a ń bí ní Òkìtìpupa báyìí, Yorùbá ilé-ìwé àti Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń yá wọn lẹ́nu. Síbẹ̀, mo rò pé èrò náà kò tọ̀nà, n ó sì fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ṣàlàyé.

5. Òde-Ìrèlè, 2015

Ní oṣù Igbe 2015, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ìlú Ìkálẹ̀ tí kò jìnnà sí Ìkọ̀yà. Orí a máa fọ́ ènìyàn, ojú rẹ̀ a ṣókùnkùn, yóò dákú, ẹ̀mí a sì bọ́ láàrin ọjọ́ kan. Ó lé ní ènìyàn mẹ́wàá tí ó kú. Ọdún tí ó ṣáájú ni Ebola wọ Nàìjíríà, nítorí náà ẹ̀rù gba gbogbo ilẹ̀. Àwọn kan ní àjàkálẹ̀ àrùn ni. Àwọn mìíràn ní wọ́n ṣẹ òrìṣà ìlú ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ rò pé òògùn apako ni. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, ohun tí a rí ni methanol, májèlé tí ó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu.

Ẹ jẹ́ kí a ronú lórí ọjọ́ tí ó wà láàrin ikú àkọ́kọ́ àti èsì àyẹ̀wò. Láàrin ọjọ́ wọ̀nyí, ta ni ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀? Rédíò ìpínlẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láti Àkúrẹ́. Àwọn ìwé ìròyìn ń kọ̀wé láti Èkó. Àhesọ ni ó ń rìn ní ìlú. Kò sí ohùn kan tí ó wà láàrin àwọn ènìyàn náà tí ó lè wí ní Ìkálẹ̀ pé, “Ẹ má ṣe mu ọtí tí ẹ kò mọ orírun rẹ̀ títí a ó fi rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí,” tí ó sì lè wí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ní Ùròbò fún ẹni tí ń sè é nínú oko, àti ní Ìjọ̀ fún ẹni tí ń tà á lórí omi. Ìkìlọ̀ tí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń mu ún, tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń sè é, ìdajì iṣẹ́ ni. Ó sì ṣeé ṣe kí ó burú ju ìdajì lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde ní Ìkálẹ̀ nìkan, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé àjèjì ni ó fi májèlé sí i. Ilẹ̀ yìí mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fà. Ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin Ìlàjẹ àti Ìjọ̀ Àrògbò láti 1998 jó abúlé, ó sì gba ẹ̀mí.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìlérí kẹrin tí òfin ń béèrè, pé a kò ní gbé ẹ̀yà kan lékè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Àbújá lásán. Ará Ìkọ̀yà ni yóò kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ibi tí a ó ti mọ̀ bóyá wọ́n mú ìlérí náà ṣẹ ni ìwé ètò ojoojúmọ́: wákàtí wo ni a fún èdè wo, ta ni ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ alágbàtọ́? Èrò tèmi ni pé kí Ìkálẹ̀ jẹ́ èdè àkọ́kọ́ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí orí ilẹ̀ rẹ̀ ni ó dúró sí, kò sì sí rédíò mìíràn tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Kí Ùròbò, Ìjọ̀ àti Ìlàjẹ ní ìròyìn lójoojúmọ́, kí ó má jẹ́ lọ́jọ́ ọdún nìkan. Kí ìkìlọ̀ lórí ìlera, ìkún-omi àti ààbò jáde ní gbogbo èdè láàrin wákàtí kan náà. Kí ó kéré tán àwọn tí kì í ṣe ọmọ bíbí Ìkálẹ̀ ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀, kí ìjókòó náà sì ní ìbò. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Rédíò tí ó ń sọ èdè kan ní ìlú èdè márùn-ún wà nínú ewu àtidi bẹ́ẹ̀.

6. Lẹ́yìn ìwé-àṣẹ

Ọ̀pọ̀ àwùjọ rò pé bí ìwé-àṣẹ bá ti dé, iṣẹ́ ti parí. Ọjọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òpó gíga ń fẹ́ àyẹ̀wò àwọn aláṣẹ òfuurufú. Orin tí a bá lù ní olówó rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tí a tún ṣe ní 2022 kò yọ rédíò kékeré sílẹ̀ nítorí pé ó kéré. Ní àkókò ìbò, òfin ìdìbò dá ìpolongo dúró ní wákàtí mẹ́rìnlélógún ṣáájú ọjọ́ ìbò, ẹni tí ó bá sì lu ìlù olóṣèlú lálẹ́ ọjọ́ náà ti rú òfin, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀bùn ìyàwó ni ó pè é. A gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tí a sọ sílẹ̀, kí a sì tọ́jú ohùn tí a gbà, nítorí ọjọ́ tí ẹnìkan bá wí pé, “Ẹ bú baba mi.”

Owó ni ó le jù. Rédíò àwùjọ kì í ṣe fún èrè, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kò mọ èyí. Ní oṣù Ògún 2022, NBC kéde pé òun gba ìwé-àṣẹ ilé-iṣẹ́ 52 nítorí gbèsè tí ó lé ní bílíọ̀nù méjì náírà. Ìkéde náà dá ìjà sílẹ̀, wọ́n sì dá a dúró láti fún wọn ní àkókò. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá wà lára wọn. Bí erin bá rì sínú ẹrẹ̀, kí ni ewúrẹ́ yóò ṣe? Ní ibi tí owó kò bá sí ni olóṣèlú ń gbà wọlé. Òfin kọ̀ láti fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé-àṣẹ. Kò lè dí i lọ́wọ́ láti ra epo. Ẹni tí ó bá sì ń ra epo sí ẹ̀rọ lóṣooṣù yóò fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ. Nítorí náà, kí ọgọ́rùn-ún ènìyàn dá owó kékeré sàn ju kí ẹnìkan dá owó ńlá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ètò àjọ àti èésú mọ̀ pé ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìtanràn. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2019, NBC bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ 45. Ní 2020, ó sọ ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra di mílíọ̀nù márùn-ún náírà, èyí tí ó ti jẹ́ ẹ̀gbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Èbìbí 2023, Adájọ́ James Omotosho ti Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé àjọ náà kò ní agbára láti bu ìtanràn léni, nítorí kò lè jẹ́ olùfisùn kí ó tún jẹ́ onídàájọ́. Mo fi ara mọ́ ìdájọ́ náà. Mílíọ̀nù márùn-ún jẹ́ ìnira fún ilé-iṣẹ́ Èkó. Ikú ni fún rédíò ìgbèríko.

7. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ òfin

Mo ti sọ ohun tí òfin ń béèrè, mo sì ti gbèjà púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó kù kí n sọ ibi tí mo ti yàtọ̀.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ Ààrẹ tí mo ní kí a rántí. Kò bójú mu pé kí ìwé ìbéèrè àwọn àgbẹ̀ fún rédíò kékeré kan máa dúró de ìfọwọ́sí Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àṣẹ tí wọ́n ṣe ní 2004 lórí rédíò àwùjọ fi gbogbo rẹ̀ sí ọwọ́ Ofcom: ẹni tí ń béèrè yóò fi hàn pé kò sí fún èrè, pé yóò ṣe àwùjọ láǹfààní, pé àwùjọ yóò sì ní ọwọ́ nínú àkóso rẹ̀. Ní Gánà, ìpín 162 òfin ìpìlẹ̀ 1992 kọ̀ kí a béèrè ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀. Ìkànnì orí afẹ́fẹ́ nìkan ni àjọ ìbánisọ̀rọ̀ wọn ń pín. Lábẹ́ ètò yìí ni Rédíò Ada bẹ̀rẹ̀ ní 1998, tí ó ń bá àwọn apẹja àti àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Dangme. Gánà kò tú ká. Kí a tún ìpín 39 ṣe, kí NBC tí ó mọ iṣẹ́ náà máa dá a parí, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ jáde.

Èkejì, kí àjọ náà yẹ ìwé ètò èdè wò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yẹ ẹ̀rọ wò. Títí di òní, ẹni tí ó bá fi ọwọ́ sí ìlérí ìṣọ̀kan ti bọ́. Kí wọ́n bi í léèrè bí yóò ṣe ṣe é.

Ẹ̀kẹta, kí ìbáwí bá ìwọ̀n ẹni tí a ń bá wí mu. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ ní èdè Ùròbò, ní èdè Ùròbò ni kí ó ti tọrọ àforíjì, ní wákàtí kan náà tí ó ṣẹ̀. Èyí yóò wo ọgbẹ́ ju owó tí yóò wọ àpò ìjọba lọ.

Ẹ̀kẹrin kan àwa tí a wà ní yunifásítì. Òkìtìpupa ní yunifásítì tirẹ̀; àwa náà nìyí. Ìwé ìwádìí tí òfin ń béèrè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè bá àwùjọ ṣe é. Àkọtọ́ fún ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ kí akàròyìn lè rí nǹkan kà, iṣẹ́ wa ni. Bí a bá jókòó sínú gbọ̀ngán yìí tí a ń sọ pé èdè ń kú, tí a kò sì lọ sí Ìkọ̀yà láti kọ́ ẹni tí yóò fi sọ ìròyìn, a ti di asọ̀rọ̀mágbèsì nìyẹn.

Àwọn baba wa tí ó sọ àpótí orí ògiri ní orúkọ kò kórìíra rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n jó sí i, wọ́n sì kọ́ nǹkan púpọ̀ níbẹ̀. Wọ́n kàn sọ ohun tí ó kù fún un ni. Mo gbà pé ọjọ́ kan yóò dé tí ìyá kan ní Ìkọ̀yà yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lórí rédíò, tí yóò wé gèlè rẹ̀, tí yóò rìn lọ sí ilé-iṣẹ́ náà, tí yóò sì fèsì ní ohùn ara rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibi tí mo fẹ́ kí òfin gbé wa dé nìyẹn.

Bí mo bá ṣì sọ, ẹ tọ́ mi sọ́nà. Àyè ìbéèrè ti ṣí sílẹ̀. Ẹ fún mi ní èsì.